Ẹ̀dínwó iná kì í dé ọwọ́ ẹni tí kò ní mítà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gbòde, ìjọba Ààrẹ Patrice Talon ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa níbí kéde ìrànwọ́ bílíọ̀nù 74.12 owó sẹ́fà. Bílíọ̀nù 63.38 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé, bílíọ̀nù 5.76 sì ni ti ẹ̀dínwó owó iná àti omi. Ní ti Kétu níbí, Nàìjíríà ti ti ẹnubodè rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ọjà ti dákú kí ẹnikẹ́ni tó bo imú. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, tí ìlú sì fẹ́ ran oníṣòwò lọ́wọ́, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé: orúkọ ta ló wà lórí mítà?

SBEE, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba, kò mọ ayálégbé. Onílé ló mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin lè wà lórí mítà kan: ẹlẹ́ja dídì, onírun, atún-rédíò-ṣe, aránṣọ. Ká ní owó iná oṣù jẹ́ 40,000 sẹ́fà, tí wọ́n wá bu ìdá 30 nínú 100 kúrò. 12,000 nìyẹn, àpò onílé ló sì máa ń bọ́ sí, torí iye kan náà ló ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé lórí gílóòbù àti fìríìjì lóṣooṣù. Kì í ṣe gbogbo onílé ló burú o. Ọ̀pọ̀ ni kò tilẹ̀ wo ìlà ẹ̀dínwó nísàlẹ̀ ìwé náà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní mítà kékeré tirẹ̀, kí wọ́n sì ka gbogbo wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ka ti onílé. Bí iná tí ẹlẹ́ja lò bá jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 90, ti onírun 60, ti atún-rédíò-ṣe 30, ti aránṣọ 20, àpapọ̀ wọn jẹ́ 200. Ẹ̀dínwó 12,000 yẹn á wá di 5,400, 3,600, 1,800 àti 1,200. Iye tó wà lórí mítà onílé sábà máa ń ju 200 yẹn lọ díẹ̀, nítorí gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti èyí tí wáyà ń jẹ. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n pín ìyókù náà bí wọ́n ṣe pín ti àkọ́kọ́, kí wọ́n sì lẹ ẹ̀dà ìwé owó iná mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà.

Orí kí ni ẹ̀dínwó náà yóò wà? Owó iná pín sí iná tí a lò àti owó tí kì í yẹ̀, èyí tó ń bá agbára tí a forúkọ sílẹ̀ fún rìn. Ẹ̀rọ ọlọ oní-kílówáàtì 7.5 tó bá lọ fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ń jẹ nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí 30. Bí oníbàárà bá fọ́n ká, tó di wákàtí kan, ó di 7.5, ṣùgbọ́n owó tí kì í yẹ̀ kò mira. Ti ẹlẹ́ja yàtọ̀: ọjà lè kú, fìrísà kò gbọdọ̀ sinmi. Owó tí kì í yẹ̀ ni kí wọ́n dárí ji ilé ọlọ. Iná tí ẹlẹ́ja lò ni kí wọ́n bù kù fún un. Ní ti ẹni tó ń sanwó ṣáájú kó tó rí iná lò, kò ní ìwé oṣù tí wọ́n lè kọ ẹ̀dínwó sí. Iná ni kí wọ́n fi kún un nígbà tó bá rà.

Sísún owó síwájú kọ́ ni ìdáríjì. Oṣù mẹ́ta 40,000 jẹ́ 120,000. Bí wọ́n bá ní kó san án tán láàárín oṣù mẹ́fà, 20,000 á máa gun orí 40,000 oṣooṣù, lásìkò tó ń wá owó tí yóò fi kó ọjà.

Ilé mẹ́rì kò lágbára lórí owó SBEE tàbí ti SONEB, ilé-iṣẹ́ omi. Owó ìsọ̀ àti owó àtẹ nínú ọjà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró, ìkéde lórí rédíò kò tó. Kí wọ́n gba ìwé tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ agbowó gbogbo, kí wọ́n kọ nọ́ńbà èyí tó kù sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ á ṣì máa sanwó, owó náà kò sì ní dé àpò ìlú. Kí ọjọ́ tí ìdádúró náà yóò parí hàn lórí pátákó ẹnu ọjà, kí wọ́n sì ti wá ibòmíràn tí owó agbálẹ̀ ọjà yóò ti jáde, torí inú owó àtẹ yẹn ni wọ́n ti ń san án.

Àwa òǹkàwé yín,
Kétu