Ẹ Jẹ́ Ká Yé Gba ₦100 Káàdì Lọ́wọ́ Kọ́sítọ́mà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ń ta ìrẹsì, gàrí, mílíìkì àti nǹkan ọbẹ̀ ní apá Sábó, Ìkòròdú níbí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí máa bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. ₦100 tí àwa ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ń fi lé owó ọjà tí kọ́sítọ́mà bá ti yọ káàdì síta yẹn ò dáa rárá.

Ẹni tó bá ní POS nínú ṣọ́ọ̀bù mọ iye tí báńkì ń yọ lọ́wọ́ wa tí kọ́sítọ́mà bá fi káàdì san. Látọdún 2019 ni CBN ti sọ pé 0.5% ni, ìyẹn 50 kọ́bọ̀ lórí ₦100, kò sì gbọdọ̀ ju ₦1,000 lọ bó ti wù kí ọjà pọ̀ tó. Téèyàn bá ra ọjà ₦2,000, ₦10 nìyẹn. Ọjà ₦5,000, ₦25. Ọjà gbọ́dọ̀ tó ₦20,000 kí ohun tí wọ́n máa yọ tó pé ₦100, èèyàn mélòó ló ń ra ₦20,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ wa? Ìyá tó wá ra mílíìkì àti ṣúgà ₦2,000 fáwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé la wá ń gba ₦100 lé e lọ́wọ́ ẹ̀, ₦90 nínú ẹ̀ àpò tiwa ló ń wọ̀, tá a tún wá ń pè é ní owó báńkì. Irọ́ là ń pa.

Òfin CBN lórí POS gan-an ò gbà kí ọlọ́jà fi owó kún un fẹ́ni tó bá fi káàdì san, òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà kọ́sítọ́mà, sílẹ̀ náà sọ pé iye tá a bá kọ sára ọjà, a ò gbọdọ̀ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn tí wọ́n ń bá èèyàn yọ kéèṣì, mi ò bá wọn wí o, ṣáàjì yẹn ni wọ́n fi ń jẹun. Àwa ọjà là ń tà, orí ọjà lèrè wa wà.

Mo mọ̀ pé nǹkan le. ₦50 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí tiransifáà ₦10,000 sókè tó bá wọlé sí àkáǹtì fíńtẹ́ẹ̀kì wa (àwọn bí OPay) ní December 2024, ó dun èmi náà gan-an, kó tó di pé ọwọ́ ẹni tó fowó ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ láti January 2026. Ṣùgbọ́n owó yòówù tí wọ́n bá yọ lọ́wọ́ wa, ẹ ṣírò ẹ̀ mọ́ iye tí ẹ fi ń ta ọjà, bá a ṣe ń ṣírò owó mọ́tò láti ọjà Daleko àti owó alábàárù, ṣé a máa ń sọ fún kọ́sítọ́mà pé kó mú owó alábàárù wá lọ́tọ̀ ni?

Ibo la tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbà? Ẹni tó bá lọ yọ kéèṣì ní ATM báńkì tí kì í ṣe tiẹ̀, láti March 2025 ni wọ́n ti ń yọ ₦100 lórí ₦20,000, tó bá wá dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú káàdì, àwa náà á tún já tiwa. Ní February 2023 tá ò rí owó bébà ná, káàdì àti tiransifáà ló jẹ́ ká rí nǹkan tà.

Mo ń bẹ àwọn ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà wa ní Ìkòròdú, ẹ pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù kọ iye ọjà síta. Èmi ti kọ tèmi sẹ́nu ọ̀nà: káàdì o, kéèṣì o, tiransifáà o, iye kan náà ni.

Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù kan,
Sábó, Ìkòròdú