Adájọ́ ìlú ọba kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ọba

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o,

Ọ̀gá kan kọ lẹ́tà sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọba ló ń yan adájọ́ ní England, torí náà ohun tó bá wu ọba àti ìjọba ẹ̀ ni wọ́n máa ń dá lẹ́jọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá wọn lóhùn. Lóòótọ́ orúkọ ọba ló máa ń wà lórí ìwé, àmọ́ ọba ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe íntáfíù o.

Ó ti rí bẹ́ẹ̀ rí ṣá. Adájọ́ àgbà kan wà tó ń jẹ́ Edward Coke, 1607 ló sọ fún Ọba James lójúkojú pé kábíyèsí ò lè fúnra wọn dá ẹjọ́, ẹni tó kọ́ òfin ló ń dá a. Nígbà tó di 1616, ọba ní kó máa lọ ilé. Òfin 1701 ló wá sọ pé adájọ́ tó bá ń hùwà tó dáa, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ àfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì bá jọ bẹ ọba pé kó yọ ọ́. Ẹ gbọ́ o, àtìgbà yẹn wọn ò tíì fi òfin yẹn yọ adájọ́ àgbà England kankan báyìí, ti Ireland kan ṣoṣo ló wà, Jonah Barrington, lọ́dún 1830, owó kóòtù lòun náà kó jẹ.

Ti yíyàn gan-an ló pẹ́ kó tó yí padà. Lord Chancellor nìkan ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, mínísítà ni, adájọ́ ni, òun náà ló tún ń darí ilé Lords, ìyẹn ilé aṣòfin àgbà, ẹnì kan ṣoṣo orí àga mẹ́ta! Á kàn máa bi àwọn adájọ́ àgbà ní kọ̀rọ̀ pé lágbájá ńkọ́, ṣé ọmọ dáadáa ni? Òfin 2005 ló fòpin sí i, láti 2006 ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 15 ló ń ṣe é, ẹni tó jẹ́ alága wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ lọ́yà. Wọ́n á polówó iṣẹ́, ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù, ẹ ó ṣe ìdánwò. Mínísítà, ìyẹn Lord Chancellor, lè ní òun ò gba ẹni tí wọ́n mú wá, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀, kò sì lè fi ọmọ tiẹ̀ rọ́pò.

Ṣé wọ́n wá ń bẹ̀rù ìjọba? Lọ́dún 2016 àwọn adájọ́ mẹ́ta dá ẹjọ́ Brexit, ìyẹn kíkúrò Britain nínú European Union, ìjọba ló sì jẹ̀bi, ìwé ìròyìn kan lẹ fọ́tò wọn síwájú pé ọ̀tá ará ìlú ni wọ́n (ẹ má bínú olóòtú, iṣẹ́ yín náà nìyẹn), kò sẹ́ni tó yọ wọ́n, kódà ọ̀kan nínú wọn ti wà ní Supreme Court, kóòtù tó ga jù, báyìí. September 24, 2019 ńkọ́? Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà tí mo gbọ́ ọ lórí fóònù, adájọ́ 11, ẹnu wọn kò, Lady Hale, olórí Supreme Court nígbà náà, ka á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé pálímẹ́ǹtì tí Boris Johnson, olórí ìjọba ìgbà náà, tì pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò tì í rárá lójú òfin. Mo pariwo, gbogbo èrò bọ́ọ̀sì wò mí.

Ibi tó ń dùn mí ò sí níbi tí ọ̀gá yẹn wò. Nínú 100 adájọ́ England àti Wales, dúdú ò ju bí 1 lọ. Ẹ wọ kóòtù lágbègbè wa níbí, ẹ ó rí dúdú lọ́dọ̀ sìkiọ́rítì, lọ́dọ̀ lọ́yà, lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ẹ wá gbójú sókè wo ẹni tó jókòó sórí àga. Ìyẹn ni kí wọ́n kọ lẹ́tà lé lórí, èmi náà á bá wọn fọwọ́ sí i.

Èmi òǹkàwé yín,
Peckham, London