Ẹ Má Jẹ́ Kí A Torí Ẹ̀rọ Ju Àmì Yorùbá Nù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá lórí èdè wa. Láti Kubwa, ní Àbújá, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, lórí ọ̀rọ̀ kan tó ti di àsọtúnsọ láàárín àwa tí a ń fi Yorùbá kíkọ jẹun. Wọ́n ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ń dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ní kọ̀ǹpútà kò gbà á, àti pé kí a kúkú máa kọ Yorùbá ní ṣákálá, nítorí pé ẹni tó bá gbọ́ èdè náà yóò mọ ohun tí a ń sọ. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí. Ibi tí mo ti rí ẹ̀rí mi lè ya àwọn òǹkàwé yín lẹ́nu, nítorí pé ó jìnnà sí ilé: ọ̀dọ̀ àwọn akéwì èdè Urdu ni, ní Íńdíà àti ní Pakístàn.

Ẹni tó bá dàgbà ní Sabon Gari, ní Kánò, gẹ́gẹ́ bí èmi, kò lè ṣàì mọ orin fíìmù Íńdíà. Àwọn Hausa fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé àwọn olórin wọn a máa mú ohùn rẹ̀ kọ orin tiwọn, nígbà mìíràn a tilẹ̀ jẹ́ orin ìyìn Ànábì. Àwa ọmọ Yorùbá tó wà láàárín wọn náà ń kọ ọ́ láìmọ ohun tí a ń wí. Nígbà tí mo ti di atẹ̀wé ni dókítà ará Pakístàn kan, oníbàárà mi, là mí lójú pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ orin wọ̀nyẹn ló ti ọwọ́ àwọn akéwì Urdu jáde. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ewì wọn kà nínú ìtumọ̀, bí mo bá ti ráyè, tí mo sì ń yọ ọkùnrin náà lẹ́nu pé kó ka ojúlówó rẹ̀ sí mi létí.

Oríṣi ewì tí wọ́n gbé gẹ̀gẹ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní ghazal. Ìlà méjì-méjì ni wọ́n fi ń tò ó, ìlà méjì kọ̀ọ̀kan sì dá dúró gedegbe. Èyí lè sọ ti ìfẹ́, kí èyí tó tẹ̀ lé e sọ ti ikú tàbí ti ọtí, kò sì sí ẹni tí yóò bi akéwì pé ọ̀nà wo ló gbà débẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ló gbọ́dọ̀ parí ìlà kejì nínú gbogbo wọn, àti pé ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ìyẹn gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dún bákan náà. Nínú ìlà méjì àkọ́kọ́, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tó kẹ́yìn, akéwì a sábà máa fi orúkọ tó fi ń kéwì há inú rẹ̀. Níbi àpéjọ ìkéwì wọn tí wọ́n ń pè ní mushaira, akéwì a ka ìlà kìíní, a tún un kà. Gbogbo àwùjọ á máa wò ó lẹ́nu, torí wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ọ̀nà tí yóò gbé e gbà. Bó bá wá yọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí, wọn a pariwo “wah, wah!”, wọn a sì ní kó tún un sọ. Ẹni tó bá ti rí onírárà níwájú olówó lóde ìnáwó yóò mọ bí ara wọn ti ń yá tó.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n àtinúdá wà. Òfin ewì náà le, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n gé e kúrú kó lè rọrùn. Inú híhá rẹ̀ ni wọ́n ti ń dá àrà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Mirza Asadullah Khan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ghalib. Agra ni wọ́n ti bí i ní 1797, Delhi ló gbé títí ó fi kú ní 1869. Kì í ṣe ẹni mímọ́, n kò sì ní ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni fi ṣe àwòkọ́ṣe: ó ń mutí, ó ń ta tẹ́tẹ́, tẹ́tẹ́ náà ló sì gbé e dé ẹ̀wọ̀n ní 1847. Gbèsè kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọmọ méje ni ìyàwó rẹ̀ bí, kò sí ọ̀kan tó dàgbà. Nítorí owó ìdílé kan tó gbà pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ nínú rẹ̀, ó rin ìrìn àjò láti Delhi dé Calcutta, tó débẹ̀ ní 1828, láti lọ gbé ẹjọ́ síwájú àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹjọ́ náà fà gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì já sí òfo. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ 1857 bẹ́ sílẹ̀ sí àwọn Òyìnbó tí Delhi dàrú, inú ìlú náà ló wà, àbúrò rẹ̀ sì kú nínú rògbòdìyàn ọ̀hún. Ẹni yìí ló sọ, nínú ìlà méjì kan tí àwọn tó ń sọ Urdu mọ̀ bí ẹní mowó, pé bí ìbànújẹ́ bá ti mọ́ ènìyàn lára, ìbànújẹ́ náà a parẹ́. Ìṣòro tó ya lu òun pọ̀ débi pé wọ́n di ìrọ̀rùn. Bí dókítà yẹn bá ń ka ìlà yìí, ẹ̀rín ló máa ń rín, èmi náà sì gbà pé ẹ̀rín wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ẹni tí ayé rọ̀ lọ́rùn.

Ìforítì rẹ̀ kò mọ sí orí ìyà jíjẹ nìkan. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ àkójọ ewì Urdu rẹ̀ ní 1841, ìwé tín-ín-rín ni, nítorí pé ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ púpọ̀ kúrò nínú ohun tó kọ nígbà èwe. Ó tún yí lẹ́tà kíkọ padà. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀mọ̀wé tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà a kọ́kọ́ to àpọ́nlé jọ gègèrè kó tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ghalib da ìyẹn nù. Ó ń kọ lẹ́tà bí ẹni tó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tàkurọ̀sọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín gan-an ni ọ̀nà tí ewì wọ̀nyí gbà dé ọwọ́ òǹkàwé. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ Urdu, láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, bí àwọn Hausa ti ń ṣe pẹ̀lú Ajami. Àmọ́ irú ìkọ̀wé tí wọ́n yàn láàyò, tí wọ́n ń pè ní Nastaliq, kì í dúró lórí ìlà gbọọrọ. Ọ̀rọ̀ a bẹ̀rẹ̀ lókè, a máa dà gẹ̀rẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́tà kan náà a máa yí ìrísí padà bí aládùúgbò rẹ̀ bá ti rí, àwọn àmì tótó kéékèèké a sì wà lókè àti lábẹ́ lẹ́tà. Àwa atẹ̀wé mọ wàhálà tó wà níbẹ̀. Lẹ́tà òjé tí wọ́n ń tò sórí ìlà kò lè ṣe é bó ti yẹ. Wọ́n dán an wò, ó bà wọ́n lọ́wọ́ jẹ́. Àwọn kan ní kí wọ́n máa fi Naskh tẹ Urdu, ìyẹn irú ìkọ̀wé Lárúbáwá tó tẹ́jú tó sì rọ ẹ̀rọ lọ́rùn. Wọ́n fi tẹ ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò tẹ́wọ́ gbà á. Wọ́n fẹ́ rí ewì wọn bí ojú ti mọ̀ ọ́n.

Báyìí ló ṣe jẹ́ pé títí di nǹkan bí ogójì ọdún lé díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn akọ̀wé tí wọ́n ń pè ní kátíbù ló ń fi gègé kọ ojú ewé ìwé ìròyìn Urdu, àti ìròyìn, àti ewì, kí wọ́n tó gbé e lọ fún ẹ̀rọ. The Musalman ti ìlú Chennai, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, ṣì ń fọwọ́ kọ tirẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé ti wọ sáà kọ̀ǹpútà tán.

Ẹni tó wá ojútùú sí i ni Mirza Ahmad Jamil, atẹ̀wé kan ní Karachi, ní Pakístàn. Ó ní dípò kí ẹ̀rọ máa to lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí òun kọ ìsopọ̀ àwọn lẹ́tà náà lódidi bí wọ́n ti ń jáde nínú ọ̀rọ̀, kí ẹ̀rọ máa mú wọn lódidi. Iye tó fọwọ́ kọ súnmọ́ 20,000. Ilé iṣẹ́ Monotype ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè tò, ó sì fi orúkọ baba rẹ̀, Noor Ahmad, pè é ní Noori Nastaliq. Ní 1981, ìwé ìròyìn Jang bẹ̀rẹ̀ sí fi í tẹ ẹ̀dà ti Lahore.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ro iye 20,000 yẹn wò. Èrò náà kò ju ohun tí ènìyàn lè sọ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bóyá níbi tí wọ́n ti ń mu tíì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ tí èrò náà sọ sí i lọ́kàn, ó di dandan kó jókòó ti gègé, kó kọ ìsopọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, kí èyí tó ṣe ìkẹyìn sì bá èyí tó ṣe àkọ́kọ́ dọ́gba ní títóbi, ní títínrín àti ní bó ṣe dà gẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi àrà tuntun hàn ní àwọn gbọ̀ngàn ńlá Àbújá yìí, ìdajì kìíní yẹn ni wọ́n ń gba àtẹ́wọ́ fún. Ìdajì kejì kò ní àtẹ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkè òkun nìkan ni irú wọn wà. Ní ìpínlẹ̀ Jigawa níhìn-ín, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ní pólì ìpínlẹ̀ náà ní Dutse, ọmọ ìdílé amọ̀kòkò, gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, ó rọ iyanrìn tútù sí àárín méjèèjì, ó sì fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀. Bí omi inú iyanrìn náà ti ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀ ilẹ̀ Hausa, bẹ́ẹ̀ ló ń kó ooru inú ìkòkò lọ, tí ìgbá tí ì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta fi ń lo 27 ọjọ́ nínú rẹ̀. (Ẹ má gbé e lọ sí Èkó o, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti kún fún omi jù.) Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Pé omi tó ń gbẹ a máa mú nǹkan tutù kì í ṣe ọgbọ́n tuntun, àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n nídìí àmù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó gba àwọn amọ̀kòkò tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ síṣẹ́, ó ń pín ìkòkò náà fún àwọn ará abúlé, ó sì mú kí àwọn òṣèré ṣe eré nípa rẹ̀ sínú fídíò fún àwọn tí kò mọ̀wé kà.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí tábìlì mi. Oníbàárà a mú ọ̀rọ̀ ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀ wá lórí fóònù, oríkì ìyá náà á wà nínú rẹ̀, kò ní sí àmì kan ṣoṣo. Bí mo bá fi àmì sí i tán, tí ó ní òun fẹ́ irú lẹ́tà mìíràn tó dùn-ún wò, àmì orí ẹ́ a fò kúrò lórí rẹ̀, a lọ bà lé orí lẹ́tà kejì. Nígbà mìíràn, àpótí òfìfo kékeré ni yóò jókòó síbi tó yẹ kí ọ̀ wà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, á àti à náà ní tiwọn. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni ẹ̀rọ ń gbé àmì ka orí lẹ́tà, bí ẹni tó ya irú lẹ́tà náà kò bá sì rántí àwa tí a ń sọ Yorùbá, àmì náà kò ní mọ ibi tí yóò dúró. Gbogbo ohun tó kù fún ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe kò ju ẹ àti ọ, lẹ́tà ńlá àti kékeré, pẹ̀lú àmì dò àti mí, kí ó sì fi m̀ kún un. Jamil kọ 20,000.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ pé ohun èlò ni kò sí, Faiz Ahmed Faiz ni mo máa ń rántí, akéwì Urdu tí ìjọba Pakístàn tì mọ́lé láti 1951 sí 1955. Ó kéwì nínú ẹ̀wọ̀n pé bí wọ́n bá gba wàláà àti kálàmù lọ́wọ́ òun, kí ló kan òun, òun ti ki ìka bọ inú ẹ̀jẹ̀ ọkàn òun.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé àwọn ọ̀dọ́ Pakístàn fúnra wọn ń fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ Urdu lórí fóònù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ ewì, ìwé àti ìwé ìròyìn, Nastaliq wà nílẹ̀ dè wọ́n. Ẹni tó ń fi Yorùbá ṣákálá ránṣẹ́ sí ẹbí rẹ̀ lórí WhatsApp, èmi kò bá a jà. Ìwé ìròyìn, ilé ìjọsìn àti àwa atẹ̀wé ni mò ń bá wí. Láti 1859 ni Henry Townsend ti ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá ní Abẹ́òkúta, ní 1875 sì ni wọ́n pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí, nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà kankan tí wọn ì bá dá lẹ́bi.

Olóòtú, ohun méjì ni mo ń bẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ orúkọ irú lẹ́tà tí ẹ ń lò sí etí ojú ewé kan, kí àwa atẹ̀wé tó wà ní Òkè Ọya lè wá a lò. Èkejì ni pé kí ẹ yọ̀ǹda igun kan fún oríkì tàbí ewì tí àwọn òǹkàwé bá fi ránṣẹ́, kí ó má sì wọlé bí àmì rẹ̀ kò bá pé. Bí àwọn tó mọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe bá wà láàárín àwọn òǹkàwé yín, kí wọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa. Mo ní àwọn ìwé ètò ìsìnkú tí àmì wọn kò dúró, wọ́n lè fi wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atẹ̀wé kan ní Kubwa, Àbújá