Kí ọmọ tó sáré lo quotient rule

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n bá àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní Further Mathematics sọ̀rọ̀ lórí ibì kan tí máàkì ti ń ṣòfò, ìyẹn ni wíwá derivative (bí iye kan ṣe ń yára yí padà bí x ṣe ń yí) nígbà tí a bá fi exponential kan (nọ́ńbà e tí a gbé sí agbára tó ní x nínú, bíi eˣ) pín òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a mú e⁵ˣ tí a fi e³ˣ pín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń wá derivative òkè lọ́tọ̀ àti ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, tí yóò sì gbé ọ̀kan lé èkejì lórí, kí ó tó kọ (5/3)e²ˣ sílẹ̀, èyí tí kò tọ̀nà rárá. Ẹni tó mọ òfin tí à ń pè ní quotient rule (derivative òkè lọ́nà ìsàlẹ̀, yọ òkè lọ́nà derivative ìsàlẹ̀ kúrò, kí a wá fi ìsàlẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀ pín in) yóò kọ (5e⁸ˣ − 3e⁸ˣ)/e⁶ˣ, yóò sì rí 2e²ˣ. Òótọ́ ni ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ 3 kúrò nínú 5 kí ó tó bẹ̀rẹ̀, e²ˣ nìkan ni ìbá kù níwájú rẹ̀, ìlà kan péré ni ìṣirò náà ìbá sì gbà. Àwa olùkọ́ la fà á, nítorí orin ni a sọ òfin náà dà fún wọn, a kì í sì í ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìbéèrè dáadáa.

Àmọ́ ṣá o, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé gé kúrú bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ eˣ/(1 + eˣ), òfin náà gan-an la nílò: òkè yóò di eˣ(1 + eˣ) − e²ˣ, e²ˣ méjèèjì yóò pa ara wọn rẹ́, eˣ/(1 + eˣ)² ni yóò sì kù. Ọmọ tó bá yí ipò òkè àti ìsàlẹ̀ padà nínú òfin yóò rí àmì àyọkúrò níwájú ìdáhùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlà function yìí lórí gíráàfù ń gòkè ṣáá ni láti tòsí 0 dé tòsí 1, kò sì fìgbà kan sọ̀kalẹ̀; ìyẹn nìkan tó láti fi mọ̀ pé àṣìṣe ti wọ̀ ọ́.

Irú ìlà yìí ni Pierre-François Verhulst, ọmọ ilẹ̀ Belgium, lò ní ọdún 1838 láti fi ṣàlàyé bí iye ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i. Bí a bá pe function náà ní p, p(1 − p) gan-an ni derivative rẹ̀, ibi tí p ti jẹ́ 1/2 ló sì ti tóbi jù, tí ó jẹ́ 1/4: nígbà tí iye ènìyàn bá dé ìdajì ohun tí ilẹ̀ lè gbà ni ó ń yára pọ̀ jù lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi 0 sí ipò x, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí 1/4 yẹn.

Tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan, Ìbàdàn