Ìkéde: Eré Ọjà ní Èdè Sípáníìṣì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, a ó pàdé ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin, bí a ti ń ṣe. Eré kúkúrú ló kàn: oníbàárà kan ń ná aṣọ lọ́wọ́ ìyá aláṣọ. Kí kálukú ti mọ "comprar" (rà), "vender" (tà) àti "pagar" (sanwó) sórí kó tó dé. Ọ̀rọ̀-ìṣe Sípáníìṣì kì í dúró sójú kan bíi tiwa: ẹnì kan á ní "compro" (mo ń rà), ẹni púpọ̀ á ní "compramos" (a ń rà). Ìyá aláṣọ jẹ́ àgbà, nítorí náà "usted vende" (ẹ ń tà, ti ọ̀wọ̀) ni kí ẹ wí fún un, kì í ṣe "tú vendes" (o ń tà). Ọmọ Ìlọrin ò gbọdọ̀ ṣi ìyẹn ṣe! Ẹ má kàwé lójú agbo o, ó ń ba eré jẹ́. Ẹni tí kò ní lè wá, kó tètè sọ fún akọ̀wé.