Eré ayálégbé tí ayálégbé kò rí wò

Olóòtú àgbà,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé sójú ewé àṣà lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí akọ̀ròyìn yín ti kan sáárá sí ẹgbẹ́ eléré kan tó fi odidi oṣù kan ṣe eré orí ìtàgé mẹ́rin lórí ohun tó ń bá wa fínra: owó ilé, owó ìfẹ̀yìntì, àwọn ọmọ wa tó ń jápa, àti ọlọ́pàá tó ń gba fóònù ọmọ ọlọ́mọ yẹ̀ wò lójú títì. Mo bá wọn kan sáárá náà. Mo lọ wo ọ̀kan, mo sì rí i pé àwọn ọmọ yẹn mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí akọ̀ròyìn yín kò fẹnu bà rárá.

Ọmọ mi obìnrin ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, ₦15,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024, ₦70,000 ni. Bí tọkọtaya bá lọ wò ó, owó oṣù ẹnì kan ti ń lọ sí ìdajì nìyẹn, ká tó sọ ti ọkọ̀. Victoria Island ni gbọ̀ngàn náà wà, mo sì wọ ọkọ̀ mẹ́ta láti Agége kí n tó débẹ̀.

Eré owó ilé ni mo wò. Opó kan ni, tí onílé ní kó san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó tún san ti ejẹ́ǹtì àti ti lọ́yà. Ibi tó mú mi jù ni ìgbà tó ń ka owó lórí ẹní. Ó kà á, ó tún un kà, ó ń fi ìka kan ahọ́n, ó ń kó èyí tó ti ya sí apá kan. Nígbà tó kà á tán lẹ́ẹ̀kẹta, ó kàn gbé ọwọ́ lé orí owó náà, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo ti jókòó lórí irú ẹní bẹ́ẹ̀ rí.

Onílé wá wọlé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń sọ bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí inú ṣe bí i báyìí ló bá fi Yorùbá ṣépè, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rò ó dáadáa: ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà, Yorùbá kò wọ inú eré yẹn àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pa wá lẹ́rìn-ín. Opó ará Agége, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kó fi sunkún.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Òfin ayálégbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin kan náà yọ àdúgbò mẹ́rin sílẹ̀: Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ibi tí òfin kò dé gan-an ni wọ́n lọ ṣeré sí. Àwa tí òfin dé ọ̀dọ̀ wa, tí a ṣì ń san ọdún méjì, a kò sí nílé eré. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní ká béèrè ìbéèrè. Ẹni mẹ́rin sọ̀rọ̀. Mẹ́ta nínú wọn, onílé ni. Àwọn fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Akọ̀ròyìn yín ní ohun tuntun ni kí eléré máa fi ìtàgé sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ síjọba. Rárá o. Ní 1945, ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, Hubert Ògúndé gbé Strike and Hunger jáde. Nígbà tó gbé e dé Jọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá dá a dúró. (Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni Ògúndé fúnra rẹ̀ ń ṣe kó tó di eléré pọ́ńbélé. Ẹ ò rí ayé!) Ní November 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Enugu, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni eré Ògúndé lórí ọ̀rọ̀ náà, Bread and Bullet, jáde. Yorùbá Ronú ti 1964 mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì di 1966, tí sójà ti gbàjọba, kí wọ́n tó tú òfin náà ká. Ìjọba wo ló máa fòfin de eré tí kìkì àwọn ọlọ́kọ̀ bọ̀gìnnì ń wò? Ọkọ̀ Ògúndé tó ń lọ láti ìlú dé ìlú ló bà wọ́n lẹ́rù, àti orin rẹ̀ tó ń bá èèyàn délé.

N kò ní kí wọ́n pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn eré tí ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ wà ní Ìgándò, ó wà ní Orégùn, ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Kí wọ́n gbé ọ̀kan péré nínú mẹ́rin yẹn lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, kí wọ́n ṣe é ní Yorùbá, kó jẹ́ owó tí alákàrà lè san. Mo mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ń mu dísù, òṣèré náà sì gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn báńkì tó lẹ orúkọ wọn káàkiri ara ògiri gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n san ìyẹn.

Bí mo ṣe ń dúró de ọmọ mi níta, ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì sún mọ́ mi. Ó ti ń gbọ́ eré náà láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sì rí i wò lẹ́ẹ̀kan. “Màmá, ẹ má bínú o, ṣé wọ́n padà lé ìyá yẹn jáde?” Mo sọ bó ṣe parí fún un. Ó mirí, ó ní Ìyánà Ìpájà lòun ń gbé, ọdún méjì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ òun náà. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé eré náà dé Ìgándò, èmi ni n ó pè é.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Agége, Èkó.