Má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni: lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́

Ìbàdàn,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án.

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú àtijọ́, mo kí ọ kú ewu iṣẹ́ abẹ, mo sì kí ọ kú ọpẹ́. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbé e kalẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ń dà lára rẹ láti ọdún mẹ́rin dá, tí àwọn dókítà sì ní ìju tí wọ́n yọ kì í ṣe irú èyí tí ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ẹkún ayọ̀ ni wọ́n bú sí, wọ́n sì ní kí n kí ọ, kí n kí bàbá àwọn ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ tí o fi parí lẹ́tà rẹ ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. O ní wọ́n pè ọ́ pé kí o wá dúró níwájú ìjọ, kí o ròyìn àìsàn rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n sì ya fídíò rẹ̀. O ní ojú tì ọ́, o kò lè ṣe é, ẹnì kan sì sọ fún ọ pé ẹni tí ó bá gba ìwòsàn tí kò jẹ́rìí, ìwòsàn náà lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ inú Bíbélì pàápàá jẹ́rìí ní gbangba. O wá ń bi mí bóyá o ti ṣẹ̀.

N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán dá ọ lóhùn. Mo mú Ìhìnrere Máàkù, èyí tí ó kúrú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kà á tán láàrin ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sí gbogbo ibi tí Jésù ti wo ẹnì kan sàn, àti sí ohun tí ó sọ fún onítọ̀hún nígbà tí ó fẹ́ máa lọ. Àbẹ̀kẹ́, láti kékeré ni a ti ń gbọ́ àwọn ìtàn wọ̀nyí, síbẹ̀ n kò kíyè sí i rí pé ohun tí ó ń sọ fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà ni pé kí wọ́n má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti Kápánáúmù, ìlú àwọn apẹja tí ó wà ní etí Òkun Gálílì. Ní sínágọ́gù níbẹ̀, ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀mí àìmọ́ kan kígbe láti ẹnu ọkùnrin kan pé òun mọ ẹni tí Jésù jẹ́, Ẹni Mímọ́ Ọlọ́run ni. Òótọ́ ni ẹ̀rí náà, kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Jésù sọ ni pé kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kí ó sì jáde. Nígbà tí oòrùn wọ̀, tí ọjọ́ ìsinmi ti parí, tí àwọn ènìyàn sì lè gbé aláìsàn wọn kiri, gbogbo ìlú pé sí ẹnu ọ̀nà ilé Símónì, ẹni tí à ń pè ní Pétérù, ó sì wo ọ̀pọ̀ sàn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tí ó fi dìde, tí ó lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn láti gbàdúrà. Símónì àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ wá a títí wọ́n fi rí i, wọ́n ní gbogbo ènìyàn ni ó ń wá a. Ẹlòmíràn ìbá padà, ìbá pa àgọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé náà, kí òkìkí tó ti bẹ̀rẹ̀ má bàa kú. Jésù ní kí àwọn lọ sí àwọn ìlú tí ó kàn, kí òun lè wàásù níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ohun tí òun tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn. Mo fa ìlà méjì sí abẹ́ gbólóhùn yẹn. Ẹ̀kọ́ ni ó bá jáde láti ilé. Àwọn aláìsàn pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, àánú sì ṣe é, ó dúró.

Lẹ́yìn èyí ni adẹ́tẹ̀ kan wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́ kàn án, ẹni tí kò sí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ kàn, ó wò ó sàn, ó sì kìlọ̀ fún un gidigidi pé kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe kí ó lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà, kí ó rú ẹbọ ìwẹ̀nùmọ́ tí Mósè pa láṣẹ. Ọkùnrin náà kò gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kéde rẹ̀ káàkiri, débi pé Jésù kò lè wọ ìlú kankan ní gbangba mọ́, ẹ̀yìn odi ni ó ń gbé. Wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe yí: adẹ́tẹ̀ tí ó ti ń gbé ní ẹ̀yìn odi wọ ìlú, ẹni tí ó wò ó sàn sì bọ́ sí ẹ̀yìn odi. Mo gbà pé ayọ̀ ni ó mú kí ọkùnrin náà ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n àwọn ìlú tí Jésù ń lọ kọ́ ní ẹ̀kọ́ ni ó di ọ̀nà wọn.

Jẹ́ kí n wá kan obìnrin tí wọ́n fi bá ọ wí. Jáírù, ọ̀kan nínú àwọn olórí sínágọ́gù, ni ó ń mú Jésù lọ sí ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá, wà lójú ikú. Èrò ń há Jésù mọ́ra. Obìnrin kan wà láàrin wọn tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ láti ọdún méjìlá, iye ọdún tí ọmọ Jáírù ti lò láyé gan-an. Ó ti jìyà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣègùn, ó ti ná gbogbo ohun tí ó ní, ńṣe ni ara rẹ̀ sì ń burú sí i. Ìwọ mọ ìyẹn ju èmi lọ. Ó gba ẹ̀yìn wá, ó fi ọwọ́ kan aṣọ Jésù, ẹ̀jẹ̀ náà sì gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ó fẹ́ yọ́ lọ ni, ṣùgbọ́n Jésù dúró, ó yí padà, ó ní ta ni ó fi ọwọ́ kan aṣọ òun. Obìnrin náà jáde wá, ó ń gbọ̀n, ó wólẹ̀, ó sì sọ gbogbo òtítọ́ fún un.

Òótọ́ ni wọ́n sọ, nígbà náà: ó sọ ọ́ ní gbangba. Mo ro ìdí rẹ̀ títí. Nínú òfin Mósè, ní Léfítíkù orí 15, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ aláìmọ́; ibùsùn tí ó sùn lé àti àga tí ó jókòó lé di aláìmọ́, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ kàn wọ́n gbọ́dọ̀ fọ aṣọ rẹ̀, kí ó wẹ̀, kí ó sì wà ní aláìmọ́ títí di àṣálẹ́. Fún ọdún méjìlá, ta ni yóò jókòó tì í? Ta ni yóò gba igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ó bá yọ́ lọ sí ilé ní ìdákẹ́jẹ́, ara rẹ̀ á ti dá, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò rẹ̀ á ṣì máa yẹ̀ fún un. Nítorí náà ni Jésù ṣe pè é síta, lójú olórí sínágọ́gù fúnra rẹ̀, tí ó sì pè é ní “Ọmọbìnrin”, orúkọ tí Máàkù kò kọ pé ó pe obìnrin mìíràn. Ó ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti mú un láradá, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Kò ní kí ó bá òun ká lọ sí ìlú kejì láti tún un sọ.

Àwọn tí wọ́n bá ọ wí ì bá ka ìtàn náà dé òpin. Bí ó ṣe ń bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n wá sọ fún Jáírù pé ọmọ ti kú. Jésù mú Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù nìkan, ó lé gbogbo àwọn tí ń sunkún tí wọ́n ń pariwo jáde, ó mú bàbá àti ìyá ọmọ náà wọ inú yàrá, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó ní, “Talita kumi,” ìyẹn ni pé, ọmọdébìnrin, dìde. Ọmọ náà dìde, ó ń rìn. Ó sì kìlọ̀ fún wọn gidigidi pé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ nípa rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n fún un ní oúnjẹ. Ọ̀nà kan náà, ọjọ́ kan náà. Ẹni tí àṣírí ń pa lára ni ó mú jáde. Ẹni tí ariwo ìbá pa lára ni ó fi pamọ́. Àìsàn tìrẹ kò lé ẹnikẹ́ni kúrò lọ́dọ̀ rẹ, bàbá àwọn ọmọ kò kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ, àwọn ọmọ rẹ ń jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ. Ohun tí ó tìtorí rẹ̀ pe obìnrin yẹn síta kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ.

Ẹnì kan tilẹ̀ wà tí ó rán pé kí ó lọ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí ń gbé láàrin ibojì ní òdìkejì òkun ni, tí ẹ̀wọ̀n kò lè dè, tí Jésù lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára rẹ̀. Òkun tí à ń wí yìí, adágún ni, ìbú rẹ̀ níbi tí ó ti fẹ̀ jù kò ju nǹkan bíi kìlómítà 13 lọ, ṣùgbọ́n bí a bá ti sọdá rẹ̀, ilẹ̀ àwọn tí kì í ṣe Júù ni. Ní ọdún 1986, nígbà tí ọ̀dá mú kí omi rẹ̀ fà, wọ́n rí ọkọ̀ apẹja kan nínú ẹrẹ̀ etí rẹ̀, láti nǹkan bí ìgbà ayé Jésù. Gígùn rẹ̀ ju mítà 8 lọ díẹ̀, ìbú rẹ̀ kò sì pé 3. Mo máa ń fojú inú wo ọkùnrin náà tí ó dúró nínú omi, tí ó di etí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mú, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Jésù jẹ́ kí òun bá a lọ. Jésù kò gbà. Ó ní kí ó lọ sí ilé, sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ó sì sọ bí Olúwa ti ṣàánú fún un. Ilé ni ó rán an lọ, Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ náà sì ti ṣe ìyẹn, nítorí o kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé oògùn akunilóorun kò tíì dá lójú rẹ tán tí o fi ní kí wọ́n bá ọ tẹ ìyá rẹ láago.

Jésù tún padà sí agbègbè òdìkejì òkun yẹn lẹ́yìn ìgbà tí ó lọ sí Tírè, níbi tí ó ti wọ ilé kan tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, tí kò sì ṣeé ṣe fún un láti fara pamọ́. Wọ́n mú adití kan tí ahọ́n rẹ̀ wúwo wá, bóyá nítorí ohun tí ọkùnrin inú ibojì ti ń ròyìn ni, èmi rò bẹ́ẹ̀. Ibi yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ó mú adití náà kúrò láàrin èrò, àwọn méjèèjì nìkan. Ẹni tí kò gbọ́ràn ni, nítorí náà ọwọ́ ni Jésù fi bá a sọ̀rọ̀: ó ki ìka bọ̀ ọ́ létí, ó tutọ́, ó fi ọwọ́ kan ahọ́n rẹ̀, ó gbé ojú sókè ọ̀run kí ọkùnrin náà lè rí ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti ń bọ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Efata,” ìyẹn ni pé, ṣí. Nígbà tí mo kà á sókè fún àwọn ìyá kíláàsì Bíbélì wa, gbogbo yàrá parọ́rọ́. Ohùn tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ gbọ́ kò ní jẹ́ ariwo èrò.

Bí o bá wá bi mí pé kí ló dé tí ó ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Kesaréà Fílípì, lẹ́sẹ̀ òkè Hámónì, ni mo ti rí ìdáhùn. Níbẹ̀ ni Pétérù ti sọ pé Jésù ni Kristi, tí Jésù sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n má sọ ọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn pé Ọmọ Ènìyàn yóò jìyà, wọn yóò sì pa á, yóò sì jíǹde. Pétérù kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ èyí. Jòhánù sọ fún wa pé lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn jẹ búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì yó, wọ́n fẹ́ fi ipá mú un jẹ ọba. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìròyìn ìwòsàn nìkan, ìwòsàn nìkan ni yóò máa wá. Kò ní wá àgbélébùú. Nítorí náà, nígbà tí òun àti Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí ìrísí rẹ̀ ti yí padà lójú wọn, ó ní kí wọ́n má sọ ohun tí wọ́n rí títí Ọmọ Ènìyàn yóò fi jíǹde. Ìdákẹ́jẹ́ náà ní ọjọ́ tí yóò parí, n kò sì sọ pé kí ènìyàn má jẹ́rìí láéláé. Bí ó bá yá ọ lára ní ọjọ́ kan, sọ ọ́ bí o ṣe fẹ́, fún ẹni tí o bá fẹ́.

Nígbà tí ó dé Jẹ́ríkò, ìrìn àjò rẹ̀ ti fẹ́ parí. Láti ibẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 25 ni ó kù sí Jerúsálẹ́mù, ọ̀nà náà sì ń gòkè ní nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún mítà kan. Bátíméù afọ́jú jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń kígbe. Lọ́tẹ̀ yìí, èrò ni ó ní kí ó dákẹ́. Jésù dúró sójú kan, ó ní kí wọ́n pè é, ó sì bi í pé, “Kí ni ìwọ ń fẹ́ kí n ṣe fún ọ?” Afọ́jú ni ó dúró níwájú rẹ̀, ohun tí ó ń fẹ́ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó bi í. Láti ìgbà tí o ti ń dá àwọn ènìyàn yẹn lóhùn, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó bi ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ó sì dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ.

O ní dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣì kéré, kí o máa jẹun dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ ní ìlú yín ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, mo ti di èlùbọ́, ẹ̀gúsí lílọ̀ àti ewé ẹ̀fọ́ gbígbẹ fún wọn, mo sì fi ẹja gbígbẹ díẹ̀ sí i. Rẹ ẹ̀fọ́ náà sínú omi gbígbóná kí o tó sè é. Sọ fún mi bí o bá ti rí i gbà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjọkẹ́